Ṣé kí n gba iṣẹ́ Kántà tó ń gbé mínírà, àbí kí n lọ wá tírélà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi Micra gbé èrò ní Tákíè, ṣùgbọ́n tírélà gan-an ló wù mí. Màmá kan tó ní dípò (ibi ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń pín ọjà) mínírà àti bíà ń wá ẹni tí yóò máa wa Kántà wọn káàkiri ìlú àti àwọn abúlé, wọ́n sì ní kí n wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn, pé kí n kúkú lọ ṣe mọ́tò bọ́ì tírélà. Èwo ni kí n ṣe, sà?"

Ìdáhùn: Àbúrò, gba iṣẹ́ Kántà náà. Mọ́tò bọ́ì tírélà lè lo ọdún méjì kó má di sítíárìn mú rárá, àfi ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá rẹ̀, ọjọ́ tó rẹ ọ̀gá náà kọ́ ló sì yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ ńlá. Ẹni tó ń pín mínírà, kó tó di ọ̀sán, ó ti páàkì níbi mẹ́wàá, ó ti fi ẹ̀yìn wọ ojúlé tóóró, ó ti já ẹrù, ó ti to òmíràn, ó sì ti fọwọ́ síwèé. Gbogbo ohun tí tírélà yóò bi ọ́ léèrè lọ́la ló wà níbẹ̀, ní kékeré.

Ṣùgbọ́n mọ ohun tí o fẹ́ wọ̀. Kì í sábà jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ ló ń lé awakọ̀ mínírà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kéréètì òfìfo tí kò pé ni. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà tí kò mọ ẹrù kà, gbèsè ni yóò fi kúrò ní dípò. Ibẹ̀ ni màá dúró sí pẹ́ jù nínú èsì yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé.

Yọ láísẹ́ǹsì rẹ wò. Lẹ́tà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ irú ọkọ̀ tí òfin fún ọ láyè láti wà. B àti C kò kọjá ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3, Kántà tó ru kéréètì sì ju ìyẹn lọ dáadáa. D gba ọkọ̀ ẹrù ńlá, bí kò bá ti jẹ́ ti èrò tàbí tírélà. E ló dára jù fún ọ, torí ó gba gbogbo ọkọ̀ àyàfi ọ̀kadà àti tírélà. G ni ti tírélà. Jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Láti yí lẹ́tà yẹn padà, wàá gba ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba mọ̀ kọjá, wàá ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn VIO, kí o tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Road Safety tí yóò ya ọ́ ní fọ́tò, tí wọn yóò sì gba ìka ọwọ́ rẹ. O lè sanwó ọdún 3 tàbí ọdún 5. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá ọ ṣe é láìjẹ́ pé o yọjú, jẹ́ kó máa lọ. Má sì rò pé tàwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì nìkan ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí: bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí láísẹ́ǹsì rẹ kò sì bá ọkọ̀ mu, ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó, orí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ni gbogbo rẹ̀ yóò sì dá lé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n ẹrù. Ẹni tó ti ń gbé èrò máa ń fi ojú wo ẹrù, ojú sì máa ń tan ni jẹ nídìí ohun mímu. Ṣírò rẹ̀ báyìí. Àpò piọ́ wọ́tà kan, ọ̀rá 20 ló wà nínú rẹ̀, 50cl nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà 10 nìyẹn, kìlò 10 sì ni. Àpò 300 ti di tọ́ọ̀nù 3. Ọjọ́ tí ooru bá mú, tí oníbàárà ń pè lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n wá ní kí o kó 500, tọ́ọ̀nù 5 ni wọ́n gbé lé ọ lórí yẹn, bí àyè bá tiẹ̀ ṣì kù nínú ọkọ̀. Kéréètì mínírà onígò, igò 24 ti 35cl, omi inú rẹ̀ nìkan lé ní kìlò 8, igò àti kéréètì fúnra wọn sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbé ọ̀kan tó kún sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dé dípò, kí o kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíà igò 12 ti 60cl, àti fún páàkì oníke. Bí kéréètì mínírà bá jẹ́ kìlò 19, 150 nínú rẹ̀ jẹ́ kìlò 2,850. Wá wo àwo irin kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí lára ṣaasí: ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè jẹ́ pẹ̀lú ẹrù wà níbẹ̀. Yọ ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo kúrò nínú rẹ̀, yọ tìrẹ àti ti àwọn ọmọ tó ń bá ọ já ẹrù, ohun tó kù ni ẹrù rẹ. Pẹ̀lú ìṣirò yẹn lọ́wọ́, o lè bá Màmá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó dà bí ìmẹ́lẹ́.

Kí o tó gbà, ní kí wọ́n jẹ́ kí o wa ọkọ̀ náà lófìfo, kí o sì tún wà á pẹ̀lú ẹrù díẹ̀. Tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Bí pẹ́dà bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, òróró ń jò níbì kan. Bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà ní inú, kì í ṣe iwájú nìkan, torí pé nínú àwọn táyà ẹ̀yìn tó jẹ́ méjì-méjì, ti inú ló máa ń gbó láìsí ẹni tó rí i. Wo bóyá àwọn nọ́ọ̀tì wíìlì pé, kí ìpáàrà irin má sì ṣàn jáde láti ìdí wọn. Ìpáàrà tó bá ń ṣàn bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì náà ti ń tú. Àyẹ̀wò àràárọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ: ọ́ìlì, omi rádíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, òróró bíréèkì, bẹ́líìtì fáànù, iná ẹ̀yìn, táyà, jáàkì, C-caution, ohun èlò ìpaná. O mọ èyí tẹ́lẹ̀ láti inú Micra. Má kàn jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú ìtajà gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan wà tí ìwọ yóò ní láti gbàgbé, tí o bá ń ṣe é nínú Micra: fífi ọkọ̀ sí fírì lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ kí epo má baà tán. Nínú Kántà tó ru ẹrù, ikú ni. Ọ̀pọ̀ Kántà tó wà lójú títì wa, òróró ni bíréèkì wọn ń lò, agbára ẹ́ńjìnnì ló sì ń jẹ́ kí pẹ́dà fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí o bá fi sí fírì tí ẹ́ńjìnnì kú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni bíréèkì á fi gbọ́ tìrẹ, lẹ́yìn náà pẹ́dà á le gbagidi. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tiẹ̀ kú, bíréèkì nìkan ló ń di tọ́ọ̀nù 5 tàbí 6 mú. Á gbóná, wàá gbóòórùn bí ẹni pé nǹkan ń jóná, pẹ́dà á wá máa wọlẹ̀ láìmú ọkọ̀ dúró. Jíà tí o bá fi gun òkè náà ni kí o fi sọ̀ ọ́. Bí Kántà rẹ bá ní ọwọ́ kékeré tí wọ́n ń fà lábẹ́ sítíárìn láti fi sé èéfín, tí ẹ́ńjìnnì á fi fa ọkọ̀ sẹ́yìn, bèèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wáyà rẹ̀ ti já tí ẹnì kankan ò sì tún un ṣe.

Bí a ṣe ń to ẹrù kò le, ìwà sùúrù ló gbà. Ẹni tí wàá já ẹrù tirẹ̀ kẹ́yìn ni wàá kọ́kọ́ to, kó wà níwájú lẹ́yìn káàbù. Kéréètì gbọ́dọ̀ fara ti ìdábùú iwájú, kí ìsàlẹ̀ ti òkè jókòó sínú etí ti ìsàlẹ̀ dáadáa, kí àlàfo kankan má ṣẹ́ kù láàárín. Àlàfo tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan ni kéréètì fi ń sáré gbá ara wọn nígbà tí o bá tẹ bíréèkì. Fi kéréètì òfìfo dí i. Ti piọ́ wọ́tà yàtọ̀: tẹ́ àpò tàbí páálí sílẹ̀ kọ́kọ́, torí pé ìṣó kan tó yọrí nínú pákó ilẹ̀ ọkọ̀ lè bẹ́ ọ̀rá mẹ́wàá kí o tó dé Ìkòyí-Ilé. Má kó o pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì tàbí ọṣẹ. Ọ̀rá máa ń gba òórùn, oníbàárà á sì dá a padà. Fi tapólì bò ó, kì í ṣe nítorí òjò nìkan, nítorí oòrùn ni pàápàá. Mínírà oníke tó bá pẹ́ nínú oòrùn máa ń wú, igò tó gbóná tí wọ́n bá sì ń gbọ̀n lọ́nà lè bẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń já a.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ronú dé ni ẹrù tó ti lọ sí ààbọ̀. Bí o bá já 40 kéréètì ní Sábó, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, torí pé ọ̀tún ló súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ rẹ ti wúwo sí òsì. Ìtẹ̀kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o bá yà ní eré díẹ̀, ẹrù á fà ọ́ lọ. Ní gbogbo ibi tí o bá ti já ẹrù, kí ọmọ kan gun òkè, kó ti èyí tó kù síwájú, kó pín in dọ́gba, kó sì tún okùn so. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ó yá, kéréètì òfìfo.

Igò àti kéréètì jẹ́ dúkìá. Dípò ti san owó ìdúró lórí wọn, ohun tí o bá sì gbé jáde ní kíkún gbọ́dọ̀ padà bọ̀ ní òfìfo tàbí ní owó. Èyí túmọ̀ sí pé lójúmọ́, ohun mẹ́ta lò ń kà: ẹrù tó kún, òfìfo, owó. Nígbà tí wọ́n bá ń to ẹrù ní dípò láàárọ̀, dúró tì í, má lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Bí wọ́n bá to kéréètì 5 ní ìbú, 6 ní gígùn, 5 ní gíga, 150 nìyẹn, ìyẹn tí àárín bá kún. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rẹ́ awakọ̀ tuntun jẹ ni kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ láàárín, kí wọ́n wá fi kéréètì bo orí rẹ̀. Láti ìta, òkìtì náà pé pérépéré. Nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí o kà bó ṣe ń wọlé, kì í ṣe òkìtì nígbà tó bá parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ sí wébíìlì, ìwé tó ń sọ iye ẹrù tó jáde.

Lọ́dọ̀ oníbàárà, òfìfo ni kí o kọ́kọ́ gbà kí o tó já kíkún. Bí o bá já kíkún tán, ìkánjú yóò ti mú ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á ní "ó pé jàre, ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" Gbé kéréètì sílẹ̀, kí o sì wo inú rẹ̀ láti òkè: ihò 24 gbọ́dọ̀ ní igò 24. Fi ìka tọ́ ẹnu igò wò; èyí tí etí rẹ̀ ti bẹ́ kò ní gbà ní ilé iṣẹ́. Gbé èyí tó bá dúdú nínú sókè kí o gbóòórùn rẹ̀: epo pupa, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ọkọ̀ ni wọ́n ń rọ sínú igò mínírà káàkiri ilẹ̀ wa, igò bẹ́ẹ̀ sì ti bàjẹ́. Wo igò ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti tì bọ àárín. Ó lè dà bíi pé igò kan péré kò tó nǹkan, àmọ́ bí oníbàárà bá ní 40 kéréètì, tí igò kọ̀ọ̀kan dín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, igò 40 lo ti pàdánù: kéréètì kan gbáko àti igò 16, ní ẹnu ọ̀nà ẹyọ oníbàárà kan. Kọ iye tó pé àti iye tó dín sórí ìwé, kí oníbàárà fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ ìwé ìṣirò dípò.

Bí ìyá oní-ṣọ́ọ̀bù bá ń bínú, fi ọ̀wọ̀ ṣe é: "Ẹ má bínú, Mà, ọ̀dọ̀ mi ni wọn ó ti yọ ọ́ bí n kò bá kà á." Àwọn tó pẹ́ nínú òwò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá kà á.

Ti owó kò gùn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó dípò sínú àkáǹtì tìrẹ, bó ti wù kó rọrùn tó. Aláàtì tó wọlé sórí fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí, aláàtì ayédèrú pọ̀. Pe Màmá tàbí akọ̀wé wọn, kí wọ́n rí owó náà nínú àkáǹtì tiwọn kí kéréètì àkọ́kọ́ tó kúrò nínú ọkọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn, dúró, tàbí kí o lọ já ti ẹlòmíràn kí o padà wá. Owó ọwọ́, kà á níwájú ẹni tó san án.

Bí ìlú ṣe rí ló ń sọ aago tí wàá jáde. Àdúgbò LAUTECH àti Under G, oṣù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé ẹ̀kọ́ ni ọjà ń yá níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹrù dín, bí owó tí wọ́n ń san fún ọ bá sì jẹ́ ti ìrìn kọ̀ọ̀kan, fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí o bá ń ṣe àdéhùn. Oṣù ooru, láti Fẹ́búárì dé Épírì, àti àkókò ọdún Iléyá àti Kérésìmesì ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù. Tákíè àti àwọn òpópónà ọjà, ṣe wọ́n tán kí ọjà tó kún. Kí o tó fi ẹ̀yìn wọ ibikíbi, kí ọmọ kan sọ̀ kalẹ̀ kó dúró sí ibi tí wàá ti máa rí i nínú dígí. Bí o kò bá rí i mọ́, dúró lójú ẹsẹ̀, kó jẹ́ pé ó yẹra tàbí ó ṣubú. Ìdí nìyí tí mo fi ní iṣẹ́ yìí ń kọ́ni ní tírélà: níbi tí ọmọdé ń sáré, tí ọ̀kadà ń já láti ibi gbogbo, ẹ̀yìn fífi wọlé á mọ́ ọ lára.

Abúlé àti ìlú kéékèèké, Ajáàwà, Ìrẹsà-Àdù, Ìkòyí-Ilé, jáde lówùúrọ̀, kí o padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá rán ọ gba ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ti ń pàdé ara wọn lojú-kojú ni, tírélà sì pọ̀ níbẹ̀. Má ṣe ya ọkọ̀ kankan sílẹ̀ lórí òkè tàbí ní kọ̀rọ̀ tí o kò rí òdì kejì rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, tan iná ọkọ̀ ní ọ̀sán.

Nílé ọtí, wọn yóò máa fi bíà ta ọ́ lọ́rẹ. Má gbà á kódà kí o gbé e lọ sílé, torí pé ẹni tó bá rí igò nínú ọkọ̀ rẹ kò ní bèèrè bóyá o ti mu ún. Bákan náà ni mínírà inú ẹrù: igò tí ọmọ rẹ bá mu láìkọ sílẹ̀, "fífọ́" ni wọn yóò pè é lálẹ́, orúkọ rẹ ni yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Jókòó ti Màmá kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o bi wọ́n: oṣù ni owó àbí ìrìn kọ̀ọ̀kan? Ta ló ń san owó àwọn tó ń já ẹrù, ta ló ń bọ́ wọn? Igò mélòó ni dípò gbà pé ó lè fọ́ lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n tó yọ owó awakọ̀? Bí Road Safety bá mú ọkọ̀ nítorí iná tàbí táyà, ta ló ń san fáìnì? Tèyí tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: táyà àti iná jẹ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀, eré àsápajúdé jẹ́ tìrẹ. Wọ́n lè ní kí o mú onídùúró wá, ó tọ́. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ sí ìwé tí àyè iye owó inú rẹ̀ ṣófo, má sì fi láísẹ́ǹsì rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí ọwọ́ rẹ ló yẹ kó wà nígbàkúùgbà tí o bá ń wakọ̀.

Ní ti tírélà, lo ọdún kan ó kéré tán lórí Kántà, kí o sì tọ́jú ìwé kékeré yẹn: ọjọ́, ibi tí o lọ, ẹrù tó jáde, òfìfo tó wọlé, ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀. Ọ̀gá tírélà tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fún ọ láyè ju ẹni tó wá fi ẹnu ròyìn ara rẹ̀ lọ. Bí dípò bá ní ọkọ̀ ńlá tó ń lọ kó ẹrù ní Ìbàdàn tàbí Aṣẹ́jíre, bẹ̀ wọ́n kí o máa bá a lọ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ, kí o mọ bíréèkì afẹ́fẹ́: bí afẹ́fẹ́ kò bá tíì kún tó nínú táǹkì, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan, omi tó bá sì kó jọ sínú táǹkì náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tú u jáde. Ìgbà yẹn ni kí o lọ gba G. Ní pápá tó ṣófo ni kí o ti kọ́ ẹ̀yìn fífi tírélà wọlé, torí pé bí o bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, òsì ni ìdí ọkọ̀ ń lọ. Máa yí i díẹ̀díẹ̀, bí ìdí bá sì ti ṣẹ́ jù, fà á síwájú kí o tún un ṣe dípò kí o fi agbára tì í. Eré tí òfin gbà fún tírélà jẹ́ kìlómítà 45 láàárín wákàtí kan nínú ìlú, 50 lójú ọ̀nà gbogboògbò, 60 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í wa Kántà rẹ bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ó ti mọ́ ẹsẹ̀ rẹ lára kí o tó dé orí tírélà.